Ẹni Tó Gbẹ̀yìn Ni Kó Máa Pinnu Eré Wa

 

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Òkè-Oyi ti ń dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Ìlọrin. Tó bá di Sátidé, wọ́n á jọ gba ọ̀nà Bódè Sáadù lọ, wọ́n á sì jọ padà. Ní báyìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ gùn ún dé Jẹ́bà, létí Odò Ọya. Wọ́n wá bẹ ìjọ pé kí á gbàdúrà fún àwọn, kí á sì jẹ́ kí bọ́ọ̀sì ìjọ tẹ̀lé àwọn. Láti ọjọ́ náà, tí àwọn àgbà ìjọ bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Àwọn kan ní nǹkan ayé ni, kí á má dá sí i. Àwọn kan ní kí wọ́n ṣáà máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ wọn. A ti gbọ́ ti apá méjèèjì, a ti gbà á ládùúrà, àwa fúnra wa sì ti gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn lẹ́ẹ̀mejì, kó má di pé à ń sọ ohun tí a ò mọ̀. Èrò wa la fẹ́ sọ yìí.

Kí ìjọ gbàdúrà fún wọn. Kí ìjọ fún wọn ní bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ̀yìn láàárín wọn ni kó máa pinnu eré tí gbogbo wọn máa sá. Ibi tí agbára ẹni yẹn bá sì mọ, ibẹ̀ ni kí gbogbo wọn ti yíjú padà. Àdéhùn tí a fẹ́ bá wọn ṣe nìyẹn, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dá àwọn tó ń ta kò ó lóhùn, torí àgbà ni wọ́n, a ò sì lè fojú fo ọ̀rọ̀ wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́ kò tilẹ̀ ti inú Bíbélì wá. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́, nǹkan tálákà ni. Pé tí aráyé bá rí ọmọ ìjọ wa lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní Ọlọ́run wa ò gbọ́ àdúrà. Háà! Ẹ̀yin bàbá wa, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ lábúlé? Tíṣà ni, ajíhìnrere ni, ẹni tó ń ra kòkó ni. Ẹni tó bá ní Raleigh nígbà náà, àwọn òbí ìyàwó kì í bá a jiyàn. Ẹ wo Ọlábísí Àjàlá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n mọ Vespa tó fi rin ayé, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ló ti gùn ṣáájú. Ní 1952, nígbà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn àjò tó lé ní 3,000 kìlómítà. Aṣọ ìbílẹ̀ wa ló wọ̀ lọ, ó ń sọ fún àwọn ará ibẹ̀ irú ènìyàn tí àwa ọmọ Áfíríkà jẹ́. Ta ló jẹ́ pe Àjàlá ní tálákà? Àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, àwa tí à ń ti Òkè-Oyi wọ Ìlọrin mọ ohun tí owó ọkọ̀ ń fojú wa rí. Ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dé ọjà láìra epo, ọlọ́gbọ́n la ó máa pè é.

Ìkejì: wọ́n ní Pọ́ọ̀lù ti sọ fún Tímótì pé èrè tó wà nínú eré ìdárayá kò tó nǹkan. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, 1 Tímótì orí 4. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa. Díẹ̀ ló pè é, kò pè é ní òfo. Díẹ̀ náà ni iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀. Ẹ má fi sí i ká wò ó. Pọ́ọ̀lù ń fi ìwà-bí-Ọlọ́run ṣáájú ni, àwa náà sì fi ṣáájú. Àmọ́ ẹ wo àárín wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Mélòó nínú wa ló jẹ́ pé láti orí àga ilé, orí àga ọkọ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà orí àga ṣọ́ọ̀ṣì? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wòlíì Èlíjà tí gbogbo wa ń fi iná rẹ̀ gbàdúrà, lọ́jọ́ tí iná yẹn bọ́, ó sáré níwájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Áhábù títí dé Jésíríẹ́lì. Ọwọ́ Olúwa ló wà lára rẹ̀, a gbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kúkú ló fi sáré.

Ìkẹta ló le jù. Wọ́n ní àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gun kẹ̀kẹ́, pé kí á má lọ fi ọrùn àwọn ọmọ wa bọ àjàgà pẹ̀lú aláìgbàgbọ́. Ẹ dákun, Òkè-Oyi la wà, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin. Nínú agboolé kan náà níbí, ẹ ó bá ẹni tó ń lọ mọ́sáláṣí àti ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan náà ló bí wọn. A jọ ń jẹ wàrà kan náà, a jọ ń sin òkú ara wa. Àjàgà tí ìwé mímọ́ ń wí ni èyí tó lè fa ọkàn ẹni kúrò lẹ́yìn Kírísítì. Kí ọmọ Mùsùlùmí fún ọmọ wa lómi mu nígbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ lórí òkè, ìyẹn kì í ṣe àjàgà. Ohun tí a fojú wa rí ni pé tí àwa bá ń gbàdúrà kí a tó gbéra, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ dè wá. Tí àkókò ìrun bá tó lójú ọ̀nà, àwa náà á jókòó sábẹ́ igi ẹmi, a ó dúró dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó fi ẹnì kankan sílẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Nàìjíríà òde òní, ibo lẹ tún ti ń rí irú ẹ̀?

Ti aṣọ àwọn arábìnrin, a ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Kí wọ́n wọ ohun tó bo ara, tí ṣéènì kò sì ní gbé. Yẹ̀rì gígùn tó bá wọ inú ṣéènì lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọsíbítù nìyẹn máa ń dà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á gun ọ̀nà náà.

Ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé òkè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òkè Ìdànrè. Kò ga fíofío. Àwọn òkè kéékèèké ni, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn: o gun ọ̀kan, o sọ̀ kalẹ̀, kí èémí rẹ tó balẹ̀, òmíràn ti dé. Oko iṣu lọ́tùn-ún, oko bàbà lósì, igi ẹmi àti igi igbá káàkiri, kò sí igbó tó dí oòrùn mọ́ ọ. Tó bá wá di àkókò ọyẹ́, láti bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ ń ti apá àríwá àti ìlà-oòrùn bọ̀. Ẹni tó bá dojú kọ ọ̀nà Jẹ́bà, ojú rẹ̀ gan-an ló máa ń fẹ́ sí. Ọ̀nà yìí kan náà ló tún so Èkó pọ̀ mọ́ Òkè-Ọya, òun ni tírélà àti táńkà epo ń gbà tọ̀sán tòru.

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́ ní ọgbọ́n kan fún afẹ́fẹ́ yẹn. Ẹnì kan á wà níwájú, òun lá máa gba afẹ́fẹ́ sí àyà. Àwọn yòókù á tò tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn báyẹn, tí eré bá le díẹ̀, agbára tó máa fi pamọ́ lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà mìíràn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá rẹ ẹni iwájú, á yà sí ẹ̀gbẹ́, á padà sẹ́yìn, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Iwájú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jà sí nínú ìjọ, lórí kẹ̀kẹ́, ibi iṣẹ́ ni.

Àmọ́ tó bá di orí òkè, ọgbọ́n yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Eré ti dínkù, afẹ́fẹ́ kọ́ ni ìṣòro mọ́, ìwúwo ara kálukú ni. Kò sí ẹni tó lè gbé tìrẹ bá ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí Gálátíà orí 6 yé wa sí i. Ní ẹsẹ 2, Pọ́ọ̀lù ní kí á máa bá ara wa gbé ẹrù. Nígbà tó dé ẹsẹ 5, ó ní oníkálukú ni yóò ru ẹrù tirẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń bi wá pé, Pásítọ̀, èwo ni ká mú? Ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà Bódè Sáadù, ẹ ó mọ̀ pé kò ta kora. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, a lè gba afẹ́fẹ́ fún ara wa. Lórí òkè, oníkálukú ló ń wa ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí ará lè ṣe fún ará nígbà náà ni pé kó dúró dè é lókè.

Ìdúró yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹni tó lágbára kì í fẹ́ dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yún un, ó ti dé òkè, ara rẹ̀ ń tutù, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Tó bá lọ, ẹni tó gbẹ̀yìn á dá nìkan wà lójú ọ̀nà tírélà. Á fẹ́ lé e bá, á ti bíréèkì sílẹ̀ lórí ìdàgẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ewu wà jù. Àárẹ̀ ló ń pa ènìyàn lórí òkè. Ìkánjú ló ń pa á lórí ìdàgẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú pópó ti gbogbo àgbáyé ní Kigali, ní Rwanda, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje náà máa wá sí Áfíríkà. Àwọn ọkùnrin tó gbóná jù lágbàáyé, 165 nínú wọn ló gbéra. Kìlómítà 267 àti ààbọ̀, òkè lórí òkè. Tadej Pogačar, ará Slovenia, ló gbégbá orókè. Ṣé ẹ mọ iye àwọn tó parí rẹ̀? 30 péré. Àwọn 135 tó kù kì í ṣe ọ̀lẹ o. Iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ nìyẹn, wọ́n ní dókítà, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé wọn, òkè sì tún dá wọn dúró. Àwa ò bá ìdíje jà. Pọ́ọ̀lù pàápàá fi eré ìje ṣe àpẹẹrẹ. Ìdíje ń wá ẹnì kan tí yóò gba adé. Àwọn ọmọ tiwa ní àwọn fẹ́ jọ rìn ni. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ jọ rìn, kó má sáré ìdíje.

Kódà láàárín àwọn tó ń díje, ẹ gbọ́ èyí. Ní Paris ní 2024, níbi ìdíje Òlíńpíìkì, Ese Ukpeseraye, ọmọbìnrin Nàìjíríà, kò ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lò fún eré inú pápá. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn, ó sì gùn ún. Àwọn tó wá bá a díje ni! Tí àwọn tó wá gba góòlù bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ará nínú Kírísítì ńkọ́?

Ìwé mímọ́ náà ò fi wá sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Ísọ̀ pàdé Jákọ́bù lójú ọ̀nà, ó ní kí àwọn jọ máa lọ. Jákọ́bù ní rárá, ẹ̀yin ẹ máa lọ níwájú, èmi á máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mi àti àwọn ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú bá ṣe gbà. Tí wọ́n bá fi ọjọ́ kan péré dà wọ́n ní ìdàkudà, wọ́n á kú. Jẹ́nẹ́sísì 33 ni. Ọkùnrin tó bá áńgẹ́lì jìjàkadì mọ́jú ló ń rìn bí ọmọdé, nítorí ọmọdé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún wo Diutarónómì 25. Kí ló dé tí Ọlọ́run bínú sí Ámálékì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà yọ sí Ísírẹ́lì, àwọn tó rẹ̀, tí wọn ò lè bá àwọn yòókù rìn, ni wọ́n kọlù. Ẹ̀yin ará, ọ̀tá mọ ẹni tó gbẹ̀yìn nínú wa. Ṣé àwa mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí á mú un wọ inú ilé Ọlọ́run báyìí. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, eré ẹni tó lágbára jù ni gbogbo ìjọ ń sá. Wọ́n á kéde ààwẹ̀ ọjọ́ 21, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n á kéde owó ìkọ́lé, iye tí ọlọ́jà ńlá lè san ni wọ́n á fi ṣe òdiwọ̀n, opó tó ń ta ẹ̀kọ á jókòó lẹ́yìn, á dorí kodò. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní wá ní Sunday kìíní, kò ní wá ní ìkejì, tó bá di ìkẹta, wọ́n á ní ó ti padà sẹ́yìn. Bóyá ó ṣì ń gun òkè ni! Ta ló dúró dè é? Dáfídì ní 200 ọkùnrin tó rẹ̀ ní odò Bésórì tí wọn ò lè sọdá. Nígbà tó dé pẹ̀lú ìkógun, àwọn kan ní kí wọ́n má fún wọn. Dáfídì ní irọ́ ni, dọ́gba-dọ́gba la ó pín in. Ó sọ ọ́ di òfin.

Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn sí kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ yìí. Ohun tí a ti ń fi ẹnu wàásù ni wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Jẹ́bà. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Jẹ́bà wù wá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ìpínlẹ̀ wa dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn CAC ní Eruku, níhìn-ín ní Kwara, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn 38 wọ inú igbó kí wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn o, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ojú ọ̀nà gbalasa tí ènìyàn ò rí ilé. Nítorí náà, a ò tíì lè fọwọ́ sí Jẹ́bà. Ẹ jẹ́ kí Bódè Sáadù ṣì jẹ́ òpin wa, títí àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà fi máa sọ fún wa pé ó dára.

Àwọn kan ti ní, ìgbàgbọ́ Pásítọ̀ dà? Ó wà níbẹ̀. Nígbà tí èṣù gbé Jésù sórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ó ní kó fò, pé àwọn áńgẹ́lì á gbé e. Jésù ò fò. Ṣé ẹnikẹ́ni wá ní Jésù ò nígbàgbọ́? Nehemáyà gbàdúrà sí Ọlọ́run, ó sì tún yan olùṣọ́ sórí odi tọ̀sán tòru. Àṣíborí ìgbàlà tí a dé sórí kò ní kí á má dé àṣíborí kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá ní, kó má bá wọn lọ, ì báà jẹ́ ọmọ Pásítọ̀.

Ohun tí a fi kún un nìyí. Kí wọ́n má gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì ti padà kí oòrùn tó kanrí. Kí wọ́n sọ fún ọlọ́pàá, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó àti àwọn fijilanté kí ọjọ́ náà tó pé. Kí ẹni tó mọ bí a ṣe ń lẹ túùbù wà láàárín wọn pẹ̀lú pọ́ǹpù. Kí omi pọ̀. Kí bọ́ọ̀sì ìjọ wà lẹ́yìn ẹni tó gbẹ̀yìn pátápátá, kó tan iná rẹ̀, kó má ṣe yà á sílẹ̀ fún ìdí kankan. Kí ẹni tó lágbára jù nínú wọn sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹni yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn la wí. Tó bá rẹ ẹni yẹn, kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí bọ́ọ̀sì láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí gbogbo wọn padà.

Ẹ̀yin àgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tẹ́ lọ́rùn, ẹ wá wo wọn ní Sátidé. Ẹ gbé àga jáde sẹ́nu ọ̀nà ilé yín, ẹ fún wọn lómi nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Ẹ má wo ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹ ka iye àwọn tó lọ, ẹ ka iye àwọn tó dé.

Olúwa, má jẹ́ kí a sáré débi pé a ò ní mọ ẹni tó wà lẹ́yìn wa. Ẹni tó ń dá gun òkè tirẹ̀ bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí, rán ẹni tí yóò dúró dè é sí i. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ, iye tí wọ́n bá gbéra ni kí wọ́n padà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kọ èrò tiyín síbí o, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ò gbà pẹ̀lú wa. A ó kà á, a ó sì fèsì. Tí ẹ bá sì mọ ẹnì kan tó ti pẹ́ tí ẹ ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ládùúgbò, ẹ pè é lórí fóònù lónìí. Ẹ má wàásù fún un. Ẹ ṣáà bi í pé báwo ni ọ̀nà.